Omi Ní Ẹsẹ̀ Igi: Bí A Ṣe Lè Gbin Àwọn Igi Ẹlẹ́wà Ilẹ̀ Wa Ní Warri

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Warri, Effurun, Sapele àti Ughelli ṣe ibùgbé, ọ̀rọ̀ igi ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí, pàápàá àwọn igi ilẹ̀ wa tí a ń gbìn fún ẹwà àti fún ibòji, bí akòko, òrúrù àti ológun ṣẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń mú irúgbìn tàbí ẹ̀ka wọn bọ̀ láti ilé, tí ẹ sì ń gbìn wọ́n sí iwájú ilé tàbí sí ọgbà ìjọ. Ní oṣù kẹrin, igi náà yọ ewé. Ní oṣù keje, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ó ti kú. Nígbà náà ni a óò máa gbọ́ tí ẹnì kan ń wí pé ilẹ̀ àjò kò gba igi ilé, tàbí pé ẹni ibi ni ó fi ojú burúkú wò ó.

Ìdí tí irú igi bẹ́ẹ̀ fi ń kú kò jinnà tó bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ni kò rí afẹ́fẹ́ mí, nítorí pé omi ti gba ipò afẹ́fẹ́ nínú ilẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù, ẹ má ṣe gbàgbé èyí: kí a tó gbin igi ní Warri, ilẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú, kí omi lè rí ọ̀nà lọ. Àwọn àgbà sọ pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bákan náà ni ó yẹ kí a wo ilẹ̀ kí a tó gbin igi.

Irú ilẹ̀ tí a ń gbé

Òjò tí ń rọ̀ ní Warri láàrin ọdún kan ju mílímítà 2,500 lọ. Ti Ìbàdàn kò fi bẹ́ẹ̀ ju 1,300 lọ. Èyí túmọ̀ sí pé igi tí a ń fún ní ife omi kan nílé, ife méjì ni ó ń rí mu níhìn-ín. Òjò náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, ó sì le jù lọ láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án. Lẹ́yìn èyí, ilẹ̀ Warri kò ga. Ìwọ̀nba mítà díẹ̀ ni ó fi ga ju òkun lọ, odò àti àbàtà sì yí i ká. Nítorí náà, bí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, omi abẹ́ ilẹ̀ a máa gòkè títí yóò fi sún mọ́ ojú ilẹ̀.

Ẹnì kan lè bi wá pé, “Ṣé kì í ṣe iyanrìn ni ó pọ̀ nínú ilẹ̀ wa ni? Iyanrìn kì í sì í mú omi dúró.” Òtítọ́ ni. Iyanrìn dà bí asẹ́, omi a máa gba inú rẹ̀ kọjá kíákíá. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé asẹ́ sínú bàsíà tí omi kún inú rẹ̀, omi kò ní jò kúrò nínú asẹ́ náà mọ́, nítorí pé kò sí ibi tí yóò jò sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iyanrìn tí ó wà lórí omi abẹ́ ilẹ̀ ní oṣù keje. Ní àwọn ibòmíràn, amọ̀ ni ó wà lábẹ́ iyanrìn, amọ̀ náà a sì máa di omi mọ́lẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà ilé, típà ni ó kó iyanrìn odò tàbí ilẹ̀ pupa wá dí àbàtà, táyà ọkọ̀ sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi le bí ilẹ̀ tí a fi odó lù. Orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ń gbé ọ̀dọ́ igi lé, tí a sì ń retí òdòdó.

Bí omi ṣe ń pa igi

Gbòǹgbò igi ń mí gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń mí. Láàrin hóró ilẹ̀ kan àti èkejì, àyè tín-ín-tìn-ìn-tín wà, inú àyè wọ̀nyí ni afẹ́fẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò. Bí òjò bá rọ̀, omi yóò kún àwọn àyè náà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò sì padà wọlé. Ilẹ̀ tí ó ń ṣe báyìí ni a ń pè ní ilẹ̀ tí omi kì í dágún sí. Ṣùgbọ́n bí omi bá dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọ́ksíjìn, èyí tí í ṣe ẹ̀mí inú afẹ́fẹ́, a máa rìn nínú omi lọ́nà tí ó lọ́ra tó nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ju bí ó ti ń rìn nínú afẹ́fẹ́ lọ. Gbòǹgbò a wá rẹ̀, a dúdú, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó fẹ́ràn ilẹ̀ tútù a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Ohun tí ó ń tan ènìyàn jẹ ni pé igi tí omi ń pa dà bí igi tí òǹgbẹ ń gbẹ. Gbòǹgbò tí ó ti jẹrà kò lè fa omi gòkè mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú omi ni ó dúró sí. Ewé a sì rọ, a pọ́n, a já sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò gbé garawa, yóò tún bu omi sí i. Nítorí náà, kí ẹ tó bomi rin igi tí ewé rẹ̀ rọ, ẹ fi ọwọ́ walẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀ dé ìwọ̀n gígùn ìka ọwọ́. Bí ilẹ̀ bá tutù, tí ó sì ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ti di eérú, ẹ gbé garawa padà. Omi ni àìsàn náà, kì í ṣe oògùn rẹ̀.

Ìyà mìíràn tún wà lẹ́yìn òjò. Igi tí omi ti lé gbòǹgbò rẹ̀ wá sí òkè ní oṣù keje, gbòǹgbò rẹ̀ kò jinlẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé ní oṣù kejìlá, tí omi abẹ́ ilẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀, òǹgbẹ yóò gbẹ igi náà ní tòótọ́. Báyìí ni igi kan náà ṣe lè jìyà omi púpọ̀ àti àìsí omi láàrin oṣù mẹ́fà.

Àwọn igi wọ̀nyí kì í ṣe àlejò ní Warri

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ìlú yìí kò gba igi wa. Ní 1786, ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan tí ó ń kọ́ nípa ewéko, Palisot de Beauvois, gúnlẹ̀ sí ìjọba Oware, èyí tí í ṣe ìjọba àwọn Ìṣẹ̀kírì ní Warri. Ó kó ewé àti òdòdó jọ níhìn-ín àti ní Benin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí wọn ní 1804. Inú ìwé náà ni òrúrù ti gba orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é jákèjádò ayé títí di òní, Spathodea campanulata. Akòko náà wà nínú ìwé kan náà. Orúkọ tí akòko ń jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ nísinsìnyí, Newbouldia laevis, jẹ́ ìrántí fún William Newbould, àlùfáà ará Ìlú Ọba kan tí ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ewéko. Àwọn ará Benin ń pe igi yìí ní ikhinmwin, àwọn Ìgbò sì ń pè é ní ogirisi. Gbogbo wa ni a jọ ni ín.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí wọ́n fi ń kú nínú ọgbà wa? Nínú igbó, ibi tí ilẹ̀ gbé ga díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń hù sí. Ewé tí ó ti ń jábọ́ láti ọdún pípẹ́ ti sọ ilẹ̀ ibẹ̀ di fúkẹ́fúkẹ́, ekòló àti gbòǹgbò àtijọ́ ti la ọ̀nà sínú rẹ̀, igi yòókù sì ń bá wọn mu nínú omi òjò. Àwa ti gé igbó, a ti tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, a ti fi sìmẹ́ǹtì bo ibi tí omi ìbá gbà wọlẹ̀, a sì ti fi ìdọ̀tí dí gọ́tà. Omíyalé ti 2012 àti ti 2022 fi han gbogbo Ìpínlẹ̀ Delta pé omi kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wó ilé, onílé ni kò ní í gbà fún un.

Bí a ṣe ń dán ilẹ̀ wò

Ẹ ṣe ìdánwò yìí nígbà tí òjò bá ń rọ̀, nítorí pé kò sí ilẹ̀ tí kò dára ní oṣù kìíní. Ẹ gbẹ́ ihò tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2, tí ó sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1. Kí ẹ tó bu omi sí i rárá, ẹ dúró fún wákàtí díẹ̀ kí ẹ wò ó. Bí omi bá sun wá sínú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ ti bá yẹn, kò sì sí ajílẹ̀ tí ó lè lé e lọ. Bí omi kò bá sun, ẹ bu omi kún ihò náà, kí ẹ jẹ́ kí ó fà tán. Ẹ tún bu omi kún un lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ fi igi wọn bí omi ti ń lọ sílẹ̀. Bí ó bá ń dín ní ínǹṣì 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní wákàtí kan, ilẹ̀ náà dára fún òrúrù àti akòko. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ má ṣe gbin igi sínú ihò níbẹ̀. Ẹ gbé igi gòkè.

Òkìtì ni oògùn rẹ̀

Ẹni tí ó bá ti kọ ebè iṣu rí kò ní í rí èyí bí ohun tuntun. Ẹ wọn ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 7 ní ìbú àti ní òró. Ẹ ro koríko orí rẹ̀, kí ẹ sì fi ọkọ́ tú u, kí ilẹ̀ tuntun lè wọnú ti àtijọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ da ilẹ̀ ojú oko apá mẹ́ta pọ̀ mọ́ ajílẹ̀ tàbí ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà dáadáa apá kan. Ẹ kó o jọ sórí ibẹ̀ kí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2, nítorí pé òjò yóò tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí omi má baà wó o. Bí ẹ bá fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù yí i ká, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kí omi lè jáde.

Ohun méjì wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe tí kò wúlò. Èkínní ni kí a gbẹ́ kòtò sínú amọ̀, kí a wá kó iyanrìn tàbí ilẹ̀ dúdú kún un. Irú kòtò bẹ́ẹ̀ di ìkòkò tí a rì mọ́lẹ̀. Omi gbogbo àyíká ni yóò ṣàn wá síbẹ̀, kò sì ní í rí ibi jáde. Èkejì ni kí a da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ihò pẹ̀lú èrò pé omi yóò gba ibẹ̀ lọ. Omi kì í fẹ́ fi ilẹ̀ kíkúnná sílẹ̀ wọ inú òkúta, àfi bí ilẹ̀ òkè bá kọ́kọ́ mu àmuyó. Òkúta náà kàn ń gbé omi sún mọ́ gbòǹgbò ni.

Láti òṣùwọ̀n oṣù kẹrin sí karùn-ún ni ó dára jù láti gbin igi sórí òkìtì, kí gbòǹgbò lè mú ilẹ̀ kí òjò ńlá tó dé. Ẹ ya ọ̀rá kúrò, ẹ jẹ́ kí ìdí igi náà wà ní ìbámu pẹ̀lú ojú ilẹ̀ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe rì í mọ́lẹ̀. Ẹ fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ òkìtì, ṣùgbọ́n kí ewé náà má ṣe kan ara igi. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀, nítorí pé òkìtì a máa tètè gbẹ.

Akòko ni ó rọrùn jù nínú wọn. Ẹ gé ẹ̀ka tí ó nípọn tó ọrùn ọwọ́, tí ó sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ẹ ki ìdámẹ́ta rẹ̀ bọ ilẹ̀. Yóò hù. Ó ga lóòró, kò gba àyè púpọ̀, òdòdó rẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ àlùkò sì dà bí fèrè. Òrúrù ń fẹ́ àyè ńlá. Hóró rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí bébà, ẹ gbìn ín sínú ọ̀rá, kí ẹ fi ilẹ̀ díẹ̀ bò ó. Òdòdó rẹ̀ pupa bí iná, ṣùgbọ́n ẹ̀ka rẹ̀ kò le, ìjì a máa ṣẹ́ ẹ. Ẹ gbìn ín jìnnà sí ilé tó mítà 10 ó kéré tán. Ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ ni ó kórìíra omi jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé igi ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Orí òkìtì tí ó ga, tí oòrùn sì ń pa, ni kí ẹ gbìn ín sí. Kò ga púpọ̀, ó ní ẹ̀gún, òdòdó rẹ̀ pupa a sì máa yọ ní ọ̀gbẹlẹ̀ nígbà tí ewé rẹ̀ bá ti rẹ̀ dànù.

Ẹ̀yin tí omi ń sun nínú ihò yín, tí ẹ kò sì ní agbára àtikọ òkìtì, ẹ má ṣe bá ilẹ̀ jà. Ẹ gbin gbẹ́ngbẹ́, igi tí ó ti mọ́ lára láti máa hù ní etí odò, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí òyìnbó bá yọ. Ewé rẹ̀ pàápàá jẹ́ ọbẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní ìhà ìlà-oòrùn.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílẹ̀

A kò gbọdọ̀ parí ọ̀rọ̀ yìí láìsọ ohun tí ó wúwo jù nínú rẹ̀. Akòko kì í ṣe igi òdòdó nìkan. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè yìí, akòko àti pèrègún ni a fi ń pa ààlà ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá pàápàá, àlejò tí a fún ní ilẹ̀ oko lè gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n kì í gbin kòkó tàbí obì láìgba àṣẹ, nítorí pé ẹni tí igi rẹ̀ bá pẹ́ lórí ilẹ̀ lè wá sọ pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ohun tí a kì í gbà lọ́wọ́ àlejò nílé tiwa, ẹ má ṣe jẹ́ kí a ṣe é sí onílé níhìn-ín. Ẹ rántí ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Warri ní 1997, tí iná rẹ̀ kò rọlẹ̀ títí di 2003. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ibi tí olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ yóò wà ni ó dá a sílẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ìlà akòko mẹ́rin tí a gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà lè dá ìfura sílẹ̀ ní ọkàn ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá a. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ gbìn àti ibi tí ẹ fẹ́ gbìn ín sí. Bí ó bá gbà, ẹ pè é kí ó wá bá yín gbin ọ̀kan. Bákan náà ni kí ẹ má ṣe darí omi òkìtì yín sínú ọgbà aládùúgbò. Gọ́tà ni kí ẹ là fún un, kí ẹ sì bá wọn kó ìdọ̀tí inú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan wà lára òrúrù fún gbogbo ẹni tí ó ń gbé ní ilẹ̀ onílẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí àwọn erékùṣù Hawaii àti Fiji nítorí ẹwà rẹ̀. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ó tàn kálẹ̀ títí ó fi di èpò tí ń lé igi onílé kúrò ní ipò wọn. Ẹwà nìkan kò tó fún àlejò. Ó yẹ kí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.

Àwọn kan nínú yín sì ń bẹ̀rù akòko nítorí pé ewé rẹ̀ ni a fi ń joyè, tí a sì ń rí i ní ojúbọ. Ẹ fọkàn balẹ̀. Igi kì í bọ ẹnikẹ́ni, ènìyàn ni ó ń bọ igi. Ọwọ́ Ẹlẹ́dàá ni akòko ti wá kí a tó fi joyè rárá, ó sì lè ṣe ibòji fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ Bíbélì nínú ọgbà ìjọ láìsí àbùkù kankan.

A mọ̀ pé àwọn mìíràn yóò wí pé kí ni àlejò ń gbin igi sí, nígbà tí àjò kò dùn kí onílé má relé. Nígbà tí wòlíì Jeremáyà kọ̀wé sí àwọn tí a kó lọ sí Bábílónì, bí a ti rí i ní orí 29 ìwé rẹ̀, kò rán wọn pé kí wọ́n jókòó lórí ẹrù máa ka ọjọ́. Ó rọ̀ wọ́n láti kọ́lé àti láti dáko, kí wọ́n sì fi àlàáfíà ìlú náà sínú àdúrà wọn, nítorí pé inú àlàáfíà rẹ̀ ni tiwọn wà. Igi tí a bá gbìn dáadáa ní Warri lónìí, ó ṣeé ṣe kí ọmọ Ìṣẹ̀kírì, ọmọ Urhobo tàbí ọmọ Ìjọ̀ ni yóò jókòó sí abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti relé. Ẹ kọ òkìtì rẹ̀ kí ó ga, ẹ la ọ̀nà fún omi, ẹ sì gba àṣẹ kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀.

Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí ó sì fún ìlú yìí ní àlàáfíà. Àmín.